Iṣẹ́ Oòrùn lórí Omi Odò Dúdú

Nígbà òjò, omi Odò Asà tí ó la ìlú Ìlọrin já a máa pọ́n. Ẹrẹ̀ ni ó fà á. Bí ènìyàn bá bù ú sínú ìkòkò tí ó gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, púpọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà yóò ti lọ sí ìsàlẹ̀, omi yóò sì tòrò. Odò dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ruki, tí ó ń ṣàn gba inú igbó kìjikìji orílẹ̀-èdè Kóńgò tí Kinshasa jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, wà lára àwọn odò tí omi wọn dúdú jù lọ láyé. Bí wọ́n gbé omi rẹ̀ kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, dúdú náà ni yóò máa jẹ́.

Àgbo ni ó lè mú ọ̀rọ̀ yìí yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ó bá rẹ ewé àti èèpo igi sínú omi mọ̀ pé omi náà yóò gba àwọ̀ wọn, àti pé sísẹ́ kò lè mú àwọ̀ náà kúrò, nítorí pé ó ti yòrò mọ́ omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé igbó ṣe ń rà sínú àbàtà, tí omi sì ń gbé ohun tí ó yòrò lára rẹ̀ lọ sódò. Kábọ́ọ̀nù ni olórí èròjà inú ohun náà. Òun kan náà ni ó pọ̀ jù nínú èédú, ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé èédú lúbúlúbú ni ó wà nínú odò.

Aṣọ àdìrẹ tí wọ́n ń sá sí oòrùn lójoojúmọ́ yóò ṣá. Ìtànṣán oòrùn, pàápàá èyí tí ojú kò lè rí, ni ó ń fọ́ èròjà aró inú rẹ̀. Nínú odò dúdú, èròjà tí ó fún omi ní àwọ̀ ni ó ń gba ìtànṣán mọ́ra, òun náà sì ni ìtànṣán ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Apá kan di gáàsì tí ènìyàn ń mí síta, ó sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Apá kan di oúnjẹ fún kòkòrò àìfojúrí. Ìyókù dúró sínú omi láìní àwọ̀ mọ́. Iṣẹ́ yìí kì í jinlẹ̀ lábẹ́ igi igbó, nítorí òjìji àti dúdú omi náà ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ibi tí odò ti fẹ̀ tàbí tí ó ti wọ òkun ni ó ti ń gbóná.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí omi Odò Kóńgò, èyí tí wọ́n gbé sábẹ́ ìtànṣán fún ọjọ́ 57. Àwọ̀ rẹ̀ dín ní ìdá 85 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Kábọ́ọ̀nù ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 45 péré ni ó lọ. Omi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara lójú ṣì ní ju ìdajì kábọ́ọ̀nù rẹ̀ nínú.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè fi etí sí ibí yìí, nítorí Yorùbá ya “tòrò” sọ́tọ̀ kúrò lára “mọ́”. Ojú lè rí títòrò; mímọ́ kan ohun tí ojú kò rí pẹ̀lú. Síbẹ̀, nínú kíláàsì, ó rọrùn láti fi ọ̀kan pe èkejì.

Ìlọrin ń mu nínú omi Dáàmù Asà. Níbi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú omi fún ìlú, álọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi mú ìdọ̀tí rọ̀ sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó fi kílórínì pa kòkòrò. Álọ́ọ̀mù lè kó apá kan nínú kábọ́ọ̀nù tí ó yòrò lọ. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù tí ó pàdé kílórínì lè di chloroform àti irú rẹ̀, tí ó léwu fún ara bí ó bá pọ̀ jù, ojú lásán kò sì lè rí i nínú ife.