Àgbéyẹ̀wò Ètò Ìjọba Láti Ìpele dé Ìpele: Àpẹẹrẹ Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Ọdún 1955

Nígbà tí ìjọba bá kéde ètò tuntun, ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ará ìlú ni pé èló ni wọn yóò ná lé e lórí. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ìṣòro wo ni ètò náà fẹ́ yanjú, ta ni ìṣòro náà sì ń bá fínra? Ẹ jẹ́ kí a fi ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni òbí wọn jàǹfààní rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1952 ni Olóyè S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìṣòro hàn kedere: owó ilé-ìwé kò jẹ́ kí ọmọ púpọ̀ dé kíláàsì. Lẹ́yìn èyí ni wíwo onírúurú ọ̀nà àbáyọ. Ìjọba ìbá ti dín owó náà kù lásán, ṣùgbọ́n wọ́n yàn láti mú un kúrò pátápátá, wọ́n sì dín ọdún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà.

Ta ni yóò wá sanwó rẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìjọba bu owó-orí ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lé àwọn tó ń san owó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Owó ti ń jáde lápò, ilé-ìwé kò tíì ṣí, ni ìkùnsínú bá gbilẹ̀. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ Action Group tó ń ṣèjọba fìdí rẹmi lọ́wọ́ NCNC ní agbègbè tirẹ̀ gan-an, owó-orí yìí sì wà lára ohun tó fà á. Lójú tiwa, ìkùnsínú náà ìbá mọ níwọ̀n bí àlàyé bá ti ṣáájú agbowó-orí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ilé-ìwé ṣí. Nǹkan bí 457,000 ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọdún 1954. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000, iye tó ju èyí tí àwọn olùṣètò ń retí lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. (Àwọn àgbà wa ṣì ń rántí bí a ṣe ń ní kí ọmọ na ọwọ́ gba orí kọjá láti fi kan etí.) Àwọn olùkọ́ tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó sí ọ̀pọ̀ kíláàsì.

Síbẹ̀, ètò náà dúró. Agbègbè Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1957, ṣùgbọ́n owó kò tó, wọ́n sì dá owó ilé-ìwé padà ní 1958; àwọn ìyá sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn.

Ìpele tí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba sábà máa ń fò ni pípadà lọ wo ohun tí a ṣe: kì í ṣe iye ọmọ tó wọlé nìkan, bí kò ṣe iye tó parí kíláàsì kẹfà tó sì mọ̀wé kà. Nítorí náà, bí ìwé ètò kan bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ wá iye àwọn tó wà fún nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí a ṣe kà wọ́n.