Ọwọ́ Òjò Nínú Ìkọ́lé Ààfin Ọlọ́wọ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú Ọ̀wọ̀, iye ùghà ààfin náà la máa ń kọ́kọ́ kà, ìyẹn àwọn àgbàlá tí ilé yí ká. Wọ́n ní wọ́n tó 100 láyé àtijọ́, èyí tó tóbi jù sì ń gba èrò ìlú lọ́jọ́ ọdún. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ọlá ọba ló fà á, pé ùghà kọ̀ọ̀kan ló ní òrìṣà àti iṣẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdí tí ùghà fi pọ̀ nìyẹn sọ fún wa, kò sọ ìdí tó fi rí bó ṣe rí. Lójú tèmi, òjò ló fà á.

Ògiri alámọ̀ kò ní ọ̀tá tó ju omi lọ. Ẹni tó kọ́ ilé kan ṣoṣo lè jẹ́ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dà síta. Ṣùgbọ́n níbi tí akòdì, ìyẹn ilé tó yí ùghà ká, bá ti fara ti akòdì, tí ògiri kan ń ṣiṣẹ́ fún ilé méjì, kò sí ìta mọ́. Bí omi bá dúró láàárín òrùlé méjì, ògiri á rọ̀, á sì wó. Inú ni òrùlé gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ìdí nìyẹn tí àárín ùghà fi ṣí sílẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀lé sì fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àwọn kan nínú wọn kí omi má baà gbẹ́ ẹ. Àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère ọba orí ẹṣin sí, tí à ń yìn fún ẹwà, òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí omi ń gbà wálẹ̀ yìí ni wọ́n gbé dúró. Omi náà kì í ṣe kékeré: bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ sórí òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, lítà 2,000 ni, ká tó yọ èyí tí ewé òrùlé fà mu. Ìkòkò abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè gba díẹ̀; ìyókù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde.

Ẹlòmíràn lè ní ọ̀dọ̀ Bìní ni Ọ̀wọ̀ ti kọ́ ọ, nítorí àjọṣe wọn ti pẹ́. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n akòdì bẹ́ẹ̀ wà ní Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ pẹ̀lú, àwòṣe tí kò bá sì wúlò kì í pẹ́ nílẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Wọ́n tún lè ní omi òjò kò lè tó ààfin lò lásìkò ọyẹ́. Kò lè tó o, odò ni wọ́n ń pọn nígbà náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí omi yóò gbà ni ọ̀mọ̀lé kọ́kọ́ rò.

Ìjọba àpapọ̀ ti fi ààfin náà sí ara ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò. Ẹni tó bá fẹ́ tún ùghà kan ṣe, ojú omi rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá rí kó tó kan òpó, nítorí páànù tí à ń fi bo òrùlé lóde òní kì í fa omi mu bí ewé, kíákíá ló sì ń da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.