Ààrẹ Tó Ń Jíhìn: Ohun Tí Bòtswánà Lè Kọ́ Wa

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé Aláàfin kì í dá ìlú ṣe. Aláṣẹ èkejì òrìṣà ni, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè méje ń bẹ, àwọn Ọ̀yọ́mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Àwọn ló ń yan ọba, àwọn náà ló sì ń sọ fún un bí ìlú bá kọ̀ ọ́. Ọba tí wọ́n bá gbé igbá òfìfo fún ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ṣígbá wò. Agbára àwọn ìjòyè náà ní ààlà. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà sọ agbára yìí di ohun ìjà, tó ń fi ọba jẹ, tó sì ń rán an lọ sọ́run bó ṣe wù ú, Aláàfin Abíọ́dún dìde sí i, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Láti ìgbà náà la ti ń kìlọ̀ fún ara wa pé: bí o bá láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́.

A mọ èyí dáadáa nípa ọba. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan ààrẹ, ohun tí a ń béèrè a máa kéré. À ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú wa. Bó bá fi owó wa la ọ̀nà, a ó gbé ìlù jáde láti dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 14 pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀tọ́ kì í ṣe ọrẹ. Bí a bá fẹ́ rí ibi tí ará ìlú ti ń bi ààrẹ léèrè ọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, ẹ jẹ́ ká wo Bòtswánà, ní apá gúúsù Áfíríkà.

Aṣálẹ̀ Kalahari ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò sì tó mílíọ̀nù 3. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 1966, títì ọlọ́dà wọn kò ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ. Ohun tí wọ́n ní ni kgotla.

Kgotla ni ibi ìpàdé ìlú láàárín àwọn Tswana, nítòsí ilé ọba. Òpó igi ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láti fi ṣọgbà rẹ̀. Olúkúlùkù lè gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá. Ọba a jókòó, a tẹ́tí sílẹ̀, ìgbà tí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ bá sọ tiwọn tán ni yóò tó dá sí i. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn létí kò ṣẹ̀. Àṣà gbà á láyè. Láyé àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti yí padà.

Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ yóò rí ohun tó jọ tiwa, yóò sì rí ìyàtọ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè ló ń gbẹnu sọ fún ìlú, nígbà tí igbá òfìfo bá sì dé ààfin, nǹkan ti bàjẹ́ tán. Ní kgotla, mẹ̀kúnnù fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ kí nǹkan tó bàjẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, wọn kò pa àṣà náà tì. Ààrẹ àti àwọn mínísítà ń lọ sí kgotla láti ṣàlàyé ètò ìjọba, kí ará abúlé sì bi wọ́n ní ìbéèrè lójúkojú. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká retí nìyẹn: kí ààrẹ máa wá síwájú wa láàárín sáà rẹ̀, kó má dúró di ìgbà ìbò, kó sì dákẹ́ kó gbọ́ wa.

Ohun kejì jẹ mọ́ owó ìlú. Seretse Khama, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ni àrólé ìtẹ́ ẹ̀yà Bangwato, ọ̀kan lára àwọn Tswana. Ó fẹ́ Ruth Williams, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì aláwọ̀ funfun, ní 1948. Nítorí ìgbéyàwó yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lé e kúrò nílùú. Kó tó lè padà sílé ní 1956, ó ní láti yọ̀ǹda ìtẹ́ baba rẹ̀. Ní 1967, wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa, nínú ilẹ̀ àwọn Bangwato gan-an. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ti ilé òun ni. Ọdún yẹn kan náà ni òfin sọ ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà di ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Ìjọba rẹ̀ bá iléeṣẹ́ De Beers dúnàádúrà títí ìpín ìlú nínú iléeṣẹ́ tó ń wa dáyámọ́ńdì náà fi di ìdajì. Owó yìí ló di ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti títì. Wọ́n ti kan epo lọ́dọ̀ wa ní Olóìbírí láti 1956, ọdún mọ́kànlá ṣáájú Orapa. Ó yẹ kí ààrẹ mọ̀ pé akápò ni òun, òun kọ́ ló lowó.

Ohun kẹta ni òótọ́ ọ̀rọ̀ lásìkò ìṣòro. Festus Mogae gorí àléfà ní 1998, nígbà tí àrùn éèdì ń pa àwọn ènìyàn Bòtswánà bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ olórí nígbà náà ń fi ọ̀rọ̀ àrùn yìí pamọ́ nítorí ìtìjú. Mogae sọ ọ́ ní gbangba pé bí wọn kò bá ṣe nǹkan, orílẹ̀-èdè àwọn lè parun. Ní 2002, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn ní oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìjọba ní Áfíríkà kò tíì dán an wò. Ààrẹ tó bá fi àìsàn ìlú pamọ́ kò lè wò ó sàn.

Ohun kẹrin ni kí ó mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò. Ketumile Masire, tó gbapò lẹ́yìn ikú Seretse ní 1980, fẹ̀yìn tì ní 1998, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi kún òfin pé ọdún mẹ́wàá ni ààrẹ yóò lò mọ. Mogae lo tirẹ̀, ó lọ ní 2008. Ian Khama, ọmọ Seretse, lọ ní 2018. Òótọ́ ni pé láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ipò náà ń yí sí. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá 2024, lẹ́yìn ọdún 58, ìbò gba ìjọba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ààrẹ Mokgweetsi Masisi gbà pé òun fìdí rẹmi, Duma Boko sì búra wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá. Kì í ṣe ohun tí a kò lè ṣe nílé. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà wa kọ̀ láti fún ààrẹ láyè sáà kẹta ní oṣù Karùn-ún 2006. Ní 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan pe Muhammadu Buhari, tó borí rẹ̀ nínú ìbò, lórí fóònù láti kí i kú oríire.

Bòtswánà kì í ṣe ọ̀run. Ìjọba lé àwọn Basarwa, tí wọ́n ti ń gbé aṣálẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́, kúrò ní ilẹ̀ baba wọn. Àwọn kan lára wọn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di 2006, ilé ẹjọ́ gíga dá wọn láre pé kò bófin mu. Èyí gan-an ni kò fi yẹ ká fi gbogbo ìrètí wa lé ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo lórí. Ààrẹ rere pẹ̀lú nílò ilé ẹjọ́ tí kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ará ìlú tí kò sùn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ bá tún gbé ìrẹsì dé àdúgbò yín, ẹ fi ìrẹsì sílẹ̀, kí ẹ bi í ní ohun mẹ́rin. Ìgbà wo lo tún máa padà wá gbọ́ wa lẹ́yìn ìbò? Báwo la ó ṣe mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde nínú àpò ìlú? Òótọ́ wo nípa ìṣòro wa ni ìwọ máa sọ, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa nínú? Bí a bá dìbò pé kí o lọ, ṣé wàá lọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìwọ̀nyí nígbà tó ń wá ìbò wa kò ní dáhùn wọn nígbà tí ṣọ́jà bá ti yí i ká.