Ta Ni Ó Pa Ilà Ojú Ìyá Àgbà Rẹ́?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ tún wo fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù ní ọjọ́sí. Imú ìyàwó ti di tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́ ju ti àná lọ. Ìyá àgbà tí wọ́n jókòó tì í, tí gbogbo àdúgbò ní Ṣakí mọ̀ mọ́ pélé, kò ní ilà kankan lójú mọ́. Olóólà kan kò sì sí tí í pa ilà rẹ́. Fílítà ni ó ṣe é. Kì í ṣe ti mẹkáníìkì o, ti inú fóònù ni.

Kámẹ́rà fóònù a kọ́kọ́ wá ojú, imú àti ẹnu ènìyàn rí, a sì ta àwọ̀n kan tí a kò lè rí bo gbogbo ojú náà. Bí ẹ bá mi orí, àwọ̀n a bá yín mì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń ya ohun tí wọ́n bá fẹ́ sí. Snapchat ni ó sọ ọ́ di eré gbogbo ayé láti 2015, pẹ̀lú etí ajá àti ahọ́n ajá. Ẹ wo Alhaja tí ọmọ-ọmọ wọn gbé etí ajá lé lórí ìbòrí! Ẹ̀rín ni ìyẹn. Èyí tí ń sọ pé òun ń mú ojú dára ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Ẹwà ti ta ni? Ẹ̀rọ kò mọ ẹwà. Àwòrán tí a fi kọ́ ọ ni ó ń tẹ̀ lé. Ní 2017, fílítà FaceApp tí í sọ ènìyàn di arẹwà ń sọ aláwọ̀ dúdú di aláwọ̀ fífúyẹ́. Olórí ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó ní àwòrán tí a fi kọ́ ẹ̀rọ náà ni ó fà á. Joy Buolamwini, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, ń ṣe dígí kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, èyí tí yóò gbé àwòrán bí ojú kìnnìún lé ojú ẹni tí ń wò ó. Dígí náà kò rí ojú rẹ̀, àfi ìgbà tí ó fi ìbòjú funfun bò ó! Ní 2018, òun àti Timnit Gebru dán ẹ̀rọ mẹ́ta tí í wo ojú mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin wò. Èyí tí ó burú jù ṣìnà lórí nǹkan bí 35 nínú 100 obìnrin dúdú; ti ọkùnrin funfun kò tó 1.

Ọmọbìnrin tí ń wo irú ojú bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, dígí ilé ìyá rẹ̀ a di ọ̀tá rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ìsọ̀ ẹni tí ń ta ìpara tí í bó ara kò jìnnà. Ní oṣù kọkànlá 2024, TikTok kéde pé òun yóò dènà irú fílítà bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 18. Ọ̀rọ̀ ìyàwó wíwá sì tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Mughirah, ọ̀kan nínú àwọn Sàábé, fẹ́ gbéyàwó, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn) ní kí ó lọ wo obìnrin náà. Kí ni ọmọkùnrin tí ó wà ní Èkó rí, bí a bá fi ojú fílítà ránṣẹ́ sí i láti Ìsẹ́yìn?

Ti ilà ni ó dùn mí jù. Ní ayé ogun, irú èyí tí ó kó Òṣoògùn lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ní 1821, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ ẹni láàárín àjèjì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. N kò ní kí a ránṣẹ́ pe olóólà. Ṣùgbọ́n ojú àwọn àgbà ni pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ pọ̀ sí jù báyìí.

Nítorí náà, kí ìyá àgbà tó jókòó, kí ọmọ tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ wo ibi tí a kọ beauty sí nínú kámẹ́rà. Bí ó bá ju 0 lọ, kí ó fà á wálẹ̀. Kí ó yà wọ́n ní ojúmọmọ, kí ilà hàn kedere, kí a tẹ fọ́tò náà sórí ìwé, kí a sì kọ orúkọ wọn àti orúkọ ilà wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ gbé etí ajá sórí ara rẹ̀ kí ó máa gbé e.