Sophiatown: Àdúgbò Tí Wọ́n Wó, Tí Orúkọ Rẹ̀ Sì Padà

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láàárín ìlú Johannesburg, tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kò ní í rìn ju nǹkan bíi kìlómítà méje lọ kó tó dé Sophiatown. Àdúgbò kékeré ni, lẹ́bàá òkè olókùúta. Òpópónà rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, ilé rẹ̀ kò ga, ọgbà òdòdó sì wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àlejò lè gba ibẹ̀ kọjá láìfura pé ó kọjá níbi kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Áfíríkà. Àfi bó bá gbójú sókè tó sì rí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó yọ gàgàrà láàárín àwọn òrùlé.

Orúkọ obìnrin ni àdúgbò náà ń jẹ́. Lọ́dún 1897, Hermann Tobiansky, oníṣòwò ilẹ̀, ra ilẹ̀ tó tó 237 éékà níbẹ̀, ó sì fi orúkọ Sophia ìyàwó rẹ̀ pè é. Orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi sọ àwọn òpópónà. Àwọn òyìnbó ló fẹ́ tà á fún, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ń da ẹ̀gbin ìlú sí sítòsí ibẹ̀, àwọn òyìnbó yí imú padà. Kàkà kí owó Tobiansky run sílẹ̀, ó ta ilẹ̀ náà fún aláwọ̀ dúdú.

Bí ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣí ọ̀nà fún wọn nìyẹn. Lẹ́yìn òfin ilẹ̀ ọdún 1913, ibi tí aláwọ̀ dúdú ti lè ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní South Africa ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ní Sophiatown, ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Onílé á kọ́ yàrá sẹ́yìn ilé, á fi háyà, owó háyà náà ni yóò sì fi san gbèsè ilẹ̀. Nítorí náà èrò pọ̀ jù, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń pín lò, àwọn jàǹdùkú sì ń da àwọn èèyàn láàmú lálaalẹ́. Kò sí ìdí láti fi ojú ṣẹ́ ẹ. Síbẹ̀, dókítà àti agbábọ́ọ̀lù, olùkọ́ àti obìnrin tó ń pọn ọtí ń gbé lójú òpópónà kan náà.

Ibẹ̀ ni Can Themba, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Drum, gbé ní Ray Street. Ilé Òtítọ́ ni wọ́n ń pe yàrá rẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jiyàn dòru. (Àwọn òbí wa àgbà tó ka Drum tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn náà lè má mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lára àwọn tó sọ ìwé ìròyìn náà di olókìkí wá láti àdúgbò yìí.) Miriam Makeba kọrin níbẹ̀. Àlùfáà Trevor Huddleston, òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1943, ló bá ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Masekela wá fèrè àkọ́kọ́ tó fọn. Nígbà tó yá, Louis Armstrong náà fi fèrè kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọmọ náà láti Amẹ́ríkà.

Ohun tó mú orí ìjọba gbóná kò ju pé aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ tirẹ̀ láàárín àwọn àdúgbò òyìnbó. Lọ́dún 1954, wọ́n ṣòfin láti kó wọn kúrò. Àwọn aráàlú kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn kò ní í kúrò. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì ọdún 1955 ni wọ́n ti ń retí ìkólọ, ìjọba sì tètè dé: ní ọjọ́ kẹsàn-án, tòun ti òjò, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọlọ́pàá wọ àdúgbò náà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n kó ẹrù àwọn ìdílé lọ sí Meadowlands, ní Soweto. Bí ilé kan bá ti ṣófo, wọ́n á wó o. Ará Èkó tó rántí Maroko ní oṣù Keje ọdún 1990 mọ irú eruku bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwólulẹ̀ náà gbà, tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta èèyàn ni wọ́n kó kúrò. Ní Meadowlands, ìjọba ló ni ilé. Ẹni tó jẹ́ onílé lánàá di ayálégbé. Wọ́n kọ́ ilé tuntun lé àwókù náà fún òyìnbó, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Triomf. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìṣẹ́gun.

Ìwọ̀nba ilé ló ṣẹ́ kù. Ṣọ́ọ̀ṣì Christ the King bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó tún di ibi tí àwọn ajàkànṣẹ́ ti ń gbára dì, kí ìjọ Áńgílíkà tó rà á padà lọ́dún 1997. Ibẹ̀ ni eérú òkú Huddleston, tó kú lọ́dún 1998, wà. Ilé Dókítà A. B. Xuma, ààrẹ ẹgbẹ́ ANC láti 1940 sí 1949, ṣì dúró ní 73 Toby Street. Ó ti di ibi ìrántí báyìí, ìdílé tó bá sì kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ á rí ìtàn àdúgbò náà.

Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2006, wọ́n yọ orúkọ Triomf kúrò, Sophiatown sì padà. Orúkọ ni o, kì í ṣe ilé. Ẹlòmíràn ló ń gbé lórí ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn onílé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ lára àwọn òpópónà náà kò pa orúkọ dà láti ìgbà Tobiansky, àní ní gbogbo àkókò Triomf. Ẹni tí wọ́n kó lọ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Bó bá dúró ní Toby Street, ó ṣì lè ka àwọn igun náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ibi tí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ wà.