Ìnáwó Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Ẹ Má Jẹ́ Kí Òde Ọjọ́ Kan Jẹ Èbù Iṣu Yín

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òjò bá ti dá, tí a kó iṣu wọ àká tán, ìnáwó dé nìyẹn. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, agbára káká ni Sátidé kan fi máa ń kọjá láìsí òde: ìgbéyàwó níhìn-ín, ìkómọjáde lọ́hùn-ún, òkú àgbà ní abúlé kejì. Kò burú. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà òjò ṣiṣẹ́, bó bá fi ẹ̀ẹ̀rùn ṣe fàájì díẹ̀, kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má bínú, ọmọ yín ni mí. Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, bàbá mi ṣe ìnáwó fún mi lábúlé wa ní Òkè-Ògùn. Oṣù kejì ọdún ni. Wọ́n se ìrẹsì àpò méjì, wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú mi dùn púpọ̀. N kò mọ̀ pé èbù iṣu ni bàbá mi kó lọ sọ́jà kí owó náà tó pé. Ìgbà tí òjò rọ̀ ni mo tó mọ̀. Ìdajì ebè ni wọ́n rí èbù gbìn sí. Koríko ló hù lórí ìdajì yòókù. Ó tó ọdún mẹ́ta kí oko náà tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èmi náà sì jẹ nínú ìrẹsì ọjọ́ yẹn, àní mo bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

N kò sọ pé kí ẹ má ṣe ìnáwó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé púpọ̀ nínú oúnjẹ òde lè ti oko yín wá láìfọwọ́ kan èbù. Oúnjẹ mẹ́ta ni màá ṣàlàyé: mọ́ínmọ́ín alásóyà, wàrà sóyà, àti omi ìṣápá. Lẹ́yìn náà, a óò sọ bí ooru ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣe ní bà wọ́n jẹ́.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ SÓYÀ?

Sóyà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1908 ni wọ́n ti gbìn ín wò ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń fi í ṣe òróró àti oúnjẹ adìyẹ nìkan là ń gbìn ín tà fún, torí pé púpọ̀ nínú wa kò mọ bí a ṣe ń sè é. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí bíi IITA n'Ìbàdàn wà lára àwọn tó jáde láti kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe máa lò ó nínú oúnjẹ ilé.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ máa ń tó 36 sí 40. Ti ẹ̀wà tiwa jẹ́ nǹkan bí 24. Ẹran tútù pàápàá, nǹkan bí 20 ni. Nítorí náà, ẹni tó fi sóyà bọ́ àlejò kò fi ìyà jẹ wọ́n rárá.

Ẹ kíyè sí èyí: a kì í jẹ sóyà tútù. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ara lo oúnjẹ dáadáa. Iná ló ń pa á. Ẹ rí i pé ó jinná dénú.

MỌ́ÍNMỌ́ÍN ALÁSÓYÀ

Ohun èlò: ẹ̀wà kóńgò 2, sóyà kóńgò 1, tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà, òróró, iyọ̀, ewé eéran.

Ẹ ṣa sóyà, kí ẹ kúrò lórí òkúta àti ìdọ̀tí. Ẹ gbé omi kaná. Ìgbà tó bá ń hó gidi ni kí ẹ tó da sóyà sí i. Kí ló dé? Bí ẹ bá kọ́kọ́ rẹ sóyà sínú omi tútù, òórùn rẹ̀ yóò jáde, àwọn ọmọdé á sì máa yínmú sí i. Omi híhó ni kì í jẹ́ kí òórùn náà jáde. Ẹ jẹ́ kó hó fún 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bó èèpo rẹ̀ kúrò.

Ẹ bó ẹ̀wà bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ da méjèèjì pọ̀ mọ́ ata àti àlùbọ́sà, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Kó kúnná dáadáa. Ẹ po ó pẹ̀lú òróró àti iyọ̀, ẹ pọ́n ọn sínú ewé, kí ẹ sì sè é fún wákàtí kan ó kéré tán. Ewé ni kí ẹ lò, kì í ṣe láílọ́ọ̀nù. Ewé wà lẹ́yìnkùlé, kò náni lówó, òun náà ló sì ń fún mọ́ínmọ́ín ní adùn àtijọ́ tí àwọn ará ìlú ńlá ń wá kiri.

WÀRÀ SÓYÀ LÓRÍ IGI

Èyí ni yóò ya àlejò yín lẹ́nu. Bí a ti ń ṣe wàrà Fúlàní la ṣe ń ṣe é, sóyà ló kàn dípò mílíìkì màlúù.

1. Ẹ da sóyà ife 3 sínú omi híhó, kó hó fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀.
2. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ fi omi tó mọ́ lú u, kí gbogbo omi tí ẹ lò tó nǹkan bí ife 24.
3. Ẹ fi aṣọ àlà tó mọ́ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó jáde ni mílíìkì sóyà. Ẹ má da èérí rẹ̀ nù o. Ẹ lè pò ó mọ́ àkàrà, tàbí kí ẹ sá a gbẹ fún ewúrẹ́ àti adìyẹ.
4. Ẹ gbé mílíìkì náà kaná, ẹ máa rò ó kó má jóná nísàlẹ̀. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún 15 sí 20 ìṣẹ́jú sí i.
5. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ da omi ògì kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ óò rí i tó ń dì, tí omi rẹ̀ ń ya sọ́tọ̀. Bí omi náà bá ti ń mọ́ bọ̀, ó ti tó, ẹ má da kíkan sí i mọ́.
6. Ẹ dà á sínú aṣọ lórí ajere, ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ gbé òkúta tó mọ́ lé e fún wákàtí kan.
7. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ fún 10 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó dín in.

Tó bá ti dín tán, ẹ fi igi ṣóńṣó gún un bíi súyà: wàrà kan, àlùbọ́sà kan, tòmátì kan, wàrà mìíràn. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìnáwó gan-an ni kí ẹ dín in, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kan náà.

OMI ÌṢÁPÁ ÀTI ÈSO

Ẹ ṣan ìṣápá pupa gbígbẹ ife 2. Ẹ dà á sínú omi ife 10, kí ẹ fi atalẹ̀ tí ẹ gún àti kànáfùrù díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá bẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ fọ èèpo rẹ̀ mọ́ dáadáa, kí ẹ jù ú sí i. Kó hó fún 15 ìṣẹ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó tutù. Ìkòkò kan yóò tó ọ̀pọ̀ ènìyàn mu, owó rẹ̀ kò sì lè tó ti páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n. Bó bá di oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kaṣú dé, máńgòrò náà ń tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wa ń já kóró kaṣú tà, a sì ń fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà lábẹ́ igi. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára kó má hanni lọ́fun, kí ẹ gbé e fún àlejò.

ÌKÒKÒ NÍNÚ ÌKÒKÒ

Níbi tí kò sí iná mànàmáná, kí la óò fi mú omi ìṣápá tutù? Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló tan ọgbọ́n yìí kálẹ̀ láti ọdún 1995. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan tóbi, èkejì kéré tó lè wọnú rẹ̀. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ èyí tó tóbi, ẹ gbé kékeré lé e, kí ẹ fi iyanrìn kún àárín wọn yíká. Ẹ bu omi sí iyanrìn náà títí yóò fi rin gbingbin. Ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Bí omi ti ń gbẹ lára ìkòkò ló ń kó ooru inú rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Ohun mímu àti èso ni kí ẹ kó sínú rẹ̀. Kì í ṣe fíríìjì o. Ẹ má tọ́jú ẹran tàbí mọ́ínmọ́ín sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

OORU ÀTI OÚNJẸ ÒDE

Ẹ̀ẹ̀rùn ni oúnjẹ ń tètè bàjẹ́ jù. Ohun mẹ́rin yìí ni kí ẹ dì mú:

– Oúnjẹ ọ̀sán, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ sè é, kì í ṣe òru àná.
– Oúnjẹ gbígbóná, kó wà lórí ẹyín iná tàbí nínú kúlà, kó máa gbóná títí a óò fi bù ú. Èyí tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ju wákàtí 2 lọ, ẹ má gbé e fún àlejò mọ́. Bí oòrùn bá mú gan-an, wákàtí 1 ti tó.
– Ẹ má rò pé gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì lè tún gbogbo nǹkan ṣe. Àwọn kòkòrò kan ti da májèlé sínú oúnjẹ náà, iná kò sì lè pa á.
– Kí ẹni tó ń dáná àti ẹni tó ń bu oúnjẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ bo gbogbo abọ́ nítorí eṣinṣin.

Ìgbẹ́ gbuuru òde máa ń pọ̀ lójú ọmọdé àti àgbàlagbà ju tiwa lọ. Ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ di ilé ìwòsàn.

Ẹ KA ÈBÙ KÍ Ẹ TÓ KA ÀLEJÒ

Ẹlòmíràn á ní, “Bí n kò bá se ìrẹsì púpọ̀, wọn á bú mi.” Ó yé mi. Bàbá mi náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹ se ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹ bu díẹ̀, kí mọ́ínmọ́ín àti wàrà kún àwo náà. Ẹni tó yó kì í bèèrè pé níbo ni oúnjẹ ti wá.

Kí ẹ tó dá ọjọ́ ìnáwó, ẹ wọ àká lọ. Ẹ ka èbù tí yóò tó ebè yín, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi tó ìyàwó àti ọmọ létí pé èyí kì í ṣe títà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni owó òde. Ẹni tó bá sì ní ìnáwó lọ́kàn fún ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, kó gbin sóyà díẹ̀ ní oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti gbó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a wá ṣe wàrà sóyà lójú yín, kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé yín kó sóyà kóńgò kan jọ, kí wọ́n ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò. Ìkòkò, asẹ́ àti igi ìdáná ti wà nílé yín.

Ìnáwó ayọ̀ la óò máa ṣe o, àká wa kò sì ní gbófo.