Ta Ni Yóò Ra Ọṣẹ fún Ẹlẹ́wọ̀n?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ojú tì mí kí n tó lè kọ ọ́.

Nínú àwẹ̀ tí ó kọjá, jámáà àdúgbò wa dáwó jọ, a se ìrẹsì, a pa màlúù, a sì gbé oúnjẹ ìṣínu lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi tí mo ti ń ta ọṣẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ń bu ẹran. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá Alàájì, Ọlọ́hun yóò san án fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mú ọṣẹ wá?” A kò mú ẹyọ kan wá.

Ó wá ṣàlàyé fún mi bí ọjà ibẹ̀ ti rí. Ẹni tí ó ní ẹbí níta, wọn a mú gààrí, iyọ̀, ọṣẹ àti pákò wá fún un ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn a fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ wọ́dà kí a fi bá a rajà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó wà nínú ọgbà. Ọṣẹ tí èmi ń tà, ìlọ́po méjì iye rẹ̀ ni wọ́n ń tà á níbẹ̀, nítorí oníbàárà kò lè lọ sí ìsọ̀ kejì. Ẹni tí kò ní ẹnìkan, oúnjẹ ẹnu rẹ̀ ni owó rẹ̀. Ọmọ yìí ti fi ẹ̀wà àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta gba ààbọ̀ ọṣẹ, kí ó lè fọ aṣọ kan ṣoṣo tí ó fi ń kírun. Kóòtù kò sì tíì dá a lẹ́jọ́.

Irú rẹ̀ pọ̀. Nínú àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, àwọn tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ ju ìdajì lọ. Ní ọdún 2024, ìjọba gbé owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́ láti náírà 750 sí náírà 1,125. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Owó oúnjẹ sì nìyẹn, kì í ṣe ti ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1955 ni ìlànà àgbáyé ti sọ pé kí a pèsè omi àti ohun ìmọ́tótó fún ẹlẹ́wọ̀n. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún un sọ ní ọdún 2015 nínú ìlànà tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè.

Ẹ̀yin ará, nínú Súrà 76, ẹsẹ̀ 8, Ọlọ́hun ka ondè mọ́ tálákà àti ọmọ òrukàn, ó sì yin àwọn tí ń bọ́ wọn. Oúnjẹ tí a gbé lọ dára. Ṣùgbọ́n aṣọ mímọ́ wà lára ìrun, àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ sì ń ṣe nǹkan oṣù. Ta ni ń ra tiwọn?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí jámáà ni pé, bí a bá tún dáwó, kí á pín in sí méjì: ìdajì fún oúnjẹ, ìdajì fún ọṣẹ, pákò, búútà àti aṣọ nǹkan oṣù. Kí á kọ́kọ́ bi ọ̀gá wọ́dà ohun tí wọ́n ń gbà wọlé, kí á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí kò ní olùbẹ̀wò.

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, bí ìyá kan bá wá rajà fún ọmọ rẹ̀ tí ó wà lẹ́wọ̀n, ẹ tà á fún un ní iye tí ẹ rà á. Ẹni tí ó sì ń tajà nínú ọgbà, kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹni tí ó fi Súrà 83 bá àwọn adínwọ̀n wí mọ iye tí a ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ná ọjà.

Èmi ti padà lọ pẹ̀lú páálí ọṣẹ méjì. Ní oṣooṣù ni n óò máa lọ, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá lọ.

Kí Ọlọ́hun má fi ẹ̀wọ̀n dán wa wò. Àmín.